Bíréèkì Bàbá Jìmọ́ lọ́nà Addo

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Báwo lẹ ṣe rí Èkó sí?" Mi ò rí Èkó. Ibi tí mo lọ, ẹ̀yìn Èkó ló wà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì. Ajah ni wọ́n ń pè é. Àwọn onílé ibẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá fẹ́ jáde lọ sáàárín ìlú, wọ́n á ní, "Mò ń lọ sí Èkó," bí ẹni pé Èkó kò kan àwọn rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti ibi tí mo ti sọ̀, kó lọ bi dẹ́rẹ́bà léèrè. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ, àti bí ìgúnpá mi yìí ṣe bó. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ kiri pé jàǹdùkú ló lù mí lọ́hùn-ún. Irọ́ ni. Àgbàlagbà ni mo kí.

Ìpè Rísí

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń tún ṣe, bàbá mi ló sì kọ́ mi. Ní ìlú olókè bíi tiwa, ẹni tí kò mọ bíréèkì í ṣe kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, torí pé oníbàárà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìní bíréèkì kò ní padà wá mọ́.

Rísíkátù àbúrò mi obìnrin, ẹ rántí rẹ̀. Ọmọ Ajah ló fẹ́, Jìmọ́ lorúkọ ọkọ rẹ̀, Addo ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú bàbá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo básíkù bàbá ọkọ mi."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Jìmọ́ ti búra pé bí oṣù yìí bá parí, òun á gbé e fún àwọn tó ń ṣa irin àlòkù. Bàbá ò sì ní nǹkan míì tí wọ́n fi ń jáde. Láti ìgbà tí a ti ti básíkù náà mọ́ yàrá, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á kàn jókòó."

Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní gbogbo Èkó ni?

"Ó wà. Ẹnì kan tiẹ̀ ti bá wa fún bíréèkì rẹ̀ le dáadáa. Ìgbà tó fún un le tán ni ìṣubú kejì wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Bíréèkì tí wọ́n fún le, tó wá túbọ̀ ń gbé èèyàn ṣubú? Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo kó sípánà mi sápò, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo dágbére fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ mú ẹja bọ̀ o."

Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra òkúta

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ajah ni pé kò sí òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí àpáta tayò, ẹ gbọ́ mi o. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, funfun báyìí, ó ń wọ bàtà. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí èèyàn bá da omi sílẹ̀, omi náà kò mọ ibi tó máa gbà lọ. Mo rí ọkọ̀ akóyọyọ kan tó kó òkúta dé, òkúta lásán tí a ń fẹsẹ̀ gbá kúrò lójú ọ̀nà nílé wa, àwọn èèyàn sì ń dúnàá-dúrà lórí rẹ̀ nítorí ilé tí wọ́n ń kọ́. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń po sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ọmọ Ìkirè, bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá ra òkúta, ẹbí rẹ̀ á wá oògùn fún un ni."

Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ará òkè."

Ará òkè! Orúkọ tí mo jẹ́ nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe oríkì. Kí n kàn la ẹnu ni, wọ́n ti mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bí mi nínú gan-an. Nígbà tó yá mo bi ara mi pé, irọ́ wo ni wọ́n tiẹ̀ pa? Orí òkè kúkú ni mo ti wá.

Rísí ti sanra, kì í sì í sọ gbólóhùn kan délẹ̀ mọ́ kó má da òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti bá a, níbi tó ti ń ta epo pupa àti edé gbígbẹ. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, welcome o!" Mo ní kó tún mi kí. Ó rántí ilé, ó kúnlẹ̀, ó tún mi kí.

Nígbà tí a wọlé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ibì kan náà ni Bàbá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì."

"Níbo?"

"Iwájú ilé Àǹtí Abẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ní abúlé etí ọ̀sà lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ kiri. Wọ́n ní ojú màmá yẹn ò dáa, pé ẹni tó bá ti wò lórí kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ló ń lọ. Bàbá ò sọ pé àwọn gbà á gbọ́, wọn ò sì sọ pé àwọn ò gbà á gbọ́. Àmọ́ wọn ò tíì lọ kí màmá láti ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ."

Kẹ̀kẹ́ ni mo wá tún ṣe, mi ò wá tún ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe.

Kẹ̀kẹ́ oníwo àgbò

Bàbá Jìmọ́ ga, ó gbẹ, oòrùn orí omi ti sun ún dúdú. Apẹja ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi yanrìn dí ibi tó ti ń dẹ àwọ̀n, tí wọ́n mọ odi yí i ká, ó lọ ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ọjọ́ tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé Bàbá lọ́wọ́.

"Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó lọ," Bàbá ní. "Ọmọ tí mo fi inú mi bí ò fún mi ní nǹkan tó tó o rí."

Jìmọ́ jókòó tì wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone ni, eruku ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbójú sókè wo àjà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n bí. Bí kẹ̀kẹ́ bá pa bàbá mi, ojú wo ni màá fi wo ayé?"

Ọmọ tó ń bẹ̀rù ikú bàbá rẹ̀ kò ṣẹ̀.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde, mo sì gbójú fo gbogbo ìjà wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan rere ni! Ó fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e. Táyà rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, téèpù dúdú sì wà lára rẹ̀ yípo. Bíréèkì tiwa nílé, ọ̀pá irin ló ń fà á. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fa tirẹ̀, ó gba abẹ́ téèpù náà kọjá. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò ṣàjèjì sí mi. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti jẹ wáyà náà, rọ́bà rẹ̀ sì ti le bí èékánná. Mo ní, "Bàbá, bíréèkì tuntun la máa fi sí i, iwájú àti ẹ̀yìn."

Bàbá ní, "Bó o bá lè ṣe é."

Wọ́n gùn ún lọ, wọ́n gùn ún bọ̀

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni èmi àti Bàbá lọ sápá Igbó Ẹfọ̀n, níbi tí ẹnì kan ti ń ta nǹkan kẹ̀kẹ́. Bí a ṣe ń rìn jáde ní Addo, tọmọdé tàgbà ló ń kí Bàbá. Bàbá ń fi ẹnu dá wọn lóhùn, ó ń mi orí. Kò gbé ọwọ́. Àgbà ni, ìkíni wọn ló ń bá a nílẹ̀.

Níwájú, mo rí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì ńlá, aṣọ ara wọn fún pinpin, mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí. Mo bi Bàbá pé níbo ni wọ́n ń lọ láàárọ̀ kùtù báyìí.

"Wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n á gùn ún lọ, wọ́n á gùn ún bọ̀."

"Láìru nǹkan kan?"

"Láìru nǹkan kan."

Ayé le. Bẹ́ẹ̀ la ń lọ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré fún ìlera ara fi kọjá lára wa, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin dí i létí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ẹ̀yin ará ilé, òsì ló gbé sókè sí mi! Ọwọ́ òsì! Sí èmi tí mo tó bàbá tó bí i! Mo dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Bàbá fa aṣọ mi.

"Má dá a lóhùn. Lójú tiwọn, ó kí ọ náà nìyẹn."

Mo ń kùn títí a fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan. Bí ọmọ tèmi bá fi òsì kí èèyàn, kì í ṣe abẹ́ òrùlé mi ló máa sùn.

Rọ́bà méjì, ríìmù kan

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kí n bá yín fún bíréèkì kíákíá kí ẹ máa lọ, ẹ wá gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bíréèkì yìí ní apá méjì bí èékánná akàn, wọ́n sì ń fi bóòtù kan dè é mọ́ orí fọ́ọ̀kì, lókè táyà gan-an. Bó bá tẹ̀ sápá kan, rọ́bà kan á máa ha ríìmù, èkejì á jókòó lásán. Ó gbọ́dọ̀ dúró sáàárín gbọnrangandan. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ gbá irin ríìmù nìkan. Bó bá ga jù, á jẹ táyà; bó bá wálẹ̀ jù, á yọ̀ bọ́ sínú sípóòkù, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo ya páálí ìṣáná, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi sẹ́yìn rọ́bà kí orí rẹ̀ lè kọ́kọ́ kan ríìmù. Ìyẹn ni kò fi ní máa han. Mo ní kí Bàbá fọwọ́ méjèèjì di apá akàn náà mú, kó fún un pọ̀. Mo fa wáyà, mo de nọ́ọ̀tì. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín rọ́bà àti ríìmù kò ju páálí ìṣáná yẹn lọ. Lẹ́yìn náà a tẹ ọwọ́ bíréèkì léraléra, torí wáyà tuntun máa ń nà. Ẹ jẹ́ kó na gbogbo ìnà rẹ̀ tán níwájú yín, kí ẹ tún un fún, kó má baà lọ nà lójú ọ̀nà. Wáyà kọ̀ọ̀kan ni mo dá padà síbi tí mo ti bá èyí àtijọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é ni ahọ́n Bàbá tú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní bí ìyá wọn ṣe kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n òun ni òun ti mọ ayé. Ó wá ń fi aṣọ nu ríìmù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo yí táyà, ó ń yí wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, kò ha níbì kan. Mo gùn ún yípo àdúgbò, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bíréèkì, ó dúró gbá! Mo rẹ́rìn-ín padà wálé.

"Bàbá, ó ti parí."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ti ẹni ìṣáájú náà dúró gbá báyìí."

Ojú tì mí. Mo ní kò burú, èmi fúnra mi ló máa gùn ún dé ibi tí wọ́n ń sọ yẹn, kí gbogbo yín lè fọkàn balẹ̀. Rísí ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má lọ o!" Mo ti lọ.

Lábẹ́ igi fúrúùtù

Ọ̀nà Addo gùn. Odi gíga ló kọ́kọ́ pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, géètì lórí géètì. Lẹ́yìn náà odi tán, afẹ́fẹ́ ọ̀sà fẹ́ sí mi, mo rí àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi àgbọn, mo rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo rí igi fúrúùtù eléwé ńláńlá tí Rísí júwe fún mi, mo sì rí màmá arúgbó kan lábẹ́ rẹ̀, lórí àga onígi ńlá.

Ẹ̀yìn ló kọ sí ọ̀nà. Ògiri ilé rẹ̀ ló ń wò. Ó yà mí lẹ́nu. Ta ló ń jókòó síta gbafẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó wá ń wo ògiri?

Ẹ̀yìn ló kọ sí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ni. Mo pinnu pé màá sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀. Kí n tó sọ̀, mo dẹ ìrìn, mo fi òsì tẹ bíréèkì, mo gbé ọ̀tún sókè, mo tẹ orí ba. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá!"

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run ni. Ìdí kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀, mo fò kọjá lórí ìwo àgbò, ìgúnpá mi ló kọ́kọ́ délẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ yanrìn tí mo ti ń bú láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Àga dún. Màmá kò yíjú.

"Ta ló tún ṣubú?"

"Èmi ni, màmá. Àlejò ni mí, ará ilé Jìmọ́."

"Ṣé o rí i pé mi ò wò ọ́?" Ó nawọ́ sí ògiri. "Ṣé o rí i? Ògiri ni mò ń wò. Ojú mi ò kàn ọ́ rárá."

"Mo rí i, màmá."

"Kó o sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Mo dìde, mo gbọn yanrìn nù, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, láàárín òun àti ògiri. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú mi. Ó ní lẹ́yìn ìṣubú kejì, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ dé etí òun. Òun kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ojú ara òun bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà. Ó wá ní kí wọ́n bá òun yí àga òun padà, kí ojú òun má baà kan ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ẹni tó ń kọjá, ìró ẹsẹ̀ wọn lòun fi ń dá wọn mọ̀.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ àbúrò mi mọ́."

Ẹ̀yin ará ilé, mi ò ní purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ìgúnpá ló ń dùn mí.

Ìkọ́kọrẹ́

Ó bu omi fún mi, mo fọ egbò náà. Ó wá gbé oúnjẹ wá. Ìkọ́kọrẹ́ ni: iṣu ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n ń bù sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, pẹ̀lú epo, edé àti ẹja yíyan. Ní tiwa, iṣu ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, odó ni a fi ń bọlá fún un, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yìí sì fẹ́ bí mi nínú. Mo ní kí n fi ọ̀wọ̀ tọ́ ọ wò. Kí n tó mọ̀, àwo ti mọ́. Ẹja tí mo mú bọ̀ wá fún ìyàwó mi, òun náà ló fún mi.

Bí mo ṣe ń lá ìka ọ̀tún mi, ojú mi lọ sí ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ tó sùn sílẹ̀. Mo bi ara mi pé, ọ̀tún mi wà lókè nígbà tí mo ṣubú, kí ni òsì mi ń ṣe?

Mo dìde, mo lọ tẹ ọwọ́ bíréèkì òsì. Táyà iwájú ló dì.

Kẹ̀kẹ́ ilé wa, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ọ̀tún ló ń di ti iwájú mú, òsì ló ń di ti ẹ̀yìn. Àwọn òyìnbó tó ni eléyìí ṣe tiwọn ní òdìkejì, èmi náà sì dá wáyà tuntun padà síbi tí mo ti bá ti tẹ́lẹ̀ láìbèèrè. Bí ọwọ́ méjèèjì bá jọ tẹ̀ ẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kí àgbà, ọ̀tún rẹ̀ á lọ sókè, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, òsì nìkan lá kù nídìí bíréèkì. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, á yè é; ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ líle, táyà iwájú á dì, ara á sì máa lọ. Bí bíréèkì náà bá ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣubú náà á ṣe le tó.

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Mo fẹ́ lọ bi Bàbá ní ìbéèrè kan."

"Sùúrù náà ni mo ti ń ṣe bọ̀," ó ní.

Ta ló kù?

Bí Jìmọ́ ṣe rí ẹ̀jẹ̀ ní ìgúnpá mi, ó fo dìde. "Mo sọ fún yín! Ẹ gbé nǹkan yìí fún mi, kí n lọ gbé e jù nù lónìí!"

"Jìmọ́, dúró ná." Mo yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ta lẹ máa ń gbé ọwọ́ sókè kí?"

Bàbá rò ó.

"Ta ló kù? Gbogbo àwọn tí mo máa ń gbé ọwọ́ sókè fún lójú ọ̀nà yẹn ti lọ tán. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù."

Mo ní kí Bàbá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí Jìmọ́ di ìjókòó mú kó máa rọra tì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ kí Àǹtí yín." Bàbá gbé ọ̀tún sókè, ó tẹ orí ba. Táyà iwájú dì gbagi, ìdí kẹ̀kẹ́ sì gbéra lọ́wọ́ Jìmọ́. Bàbá wo òsì rẹ̀. Ó ṣì di ọwọ́ bíréèkì mú pinpin, kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

"Hẹ̀n!" ni Jìmọ́ sọ.

"Àbí ẹ rí i?" mo ní. "Ìkíni ló ń gbé wọn ṣubú."

Rísí ní, "Kí wọ́n kúkú máa fi òsì kí wọn nígbà náà."

Gbogbo wa yíjú wò ó. Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi? Òsì?" Rísí fọwọ́ bo ẹnu, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú téèpù dúdú náà, mo yọ wáyà méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn. Ọ̀tún di ti iwájú, òsì di ti ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bíi ti ilé wa. Mo tún rọ́bà tò, mo tún fún wáyà, mo tún we téèpù. Jìmọ́ ló bá mi di kẹ̀kẹ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò lọ síbi iṣẹ́. Bó bá rí i pé mò ń kánjú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ibẹ̀ yẹn wò."

Àga

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bàbá wọ bùbá funfun, ó dé fìlà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi àti Jìmọ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé e. Jìmọ́ ní kí ẹni tó ń wà wá rọra. Bí a ṣe ń sún mọ́ igi fúrúùtù, apá mi tó bó gan-an ló dì mú, mi ò sì lè ké.

Màmá wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo rí i tó gbé orí sókè, ó ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́.

Bàbá dẹ ìrìn. Ó gbé ọ̀tún sókè, ó tẹ orí ba.

"Àǹtí mi o! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Táyà ẹ̀yìn fa ilà kan tẹ́ẹ́rẹ́ sínú yanrìn. Kẹ̀kẹ́ dúró. Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Màmá kò yíjú. "Ṣé o ṣubú?"

"Mi ò ṣubú, Àǹtí mi."

"Ṣé ọwọ́ rẹ wà lókè?"

"Ó wà lókè. Kò tíì sọ̀."

Èjìká màmá ń mì. Bàbá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó ṣubú bó ṣe wù ú, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn lẹ́yìn àga náà, pẹ̀lú bùbá funfun tó wọ̀. "Ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Dìde," màmá ní. "Jìmọ́ dà? Ẹ wá bá mi yí àga yìí padà."

Èmi àti Jìmọ́ la gbé e. Kò kọ́kọ́ mì, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì wọnú yanrìn. Ó ti pẹ́ tó ti kọjú sí ògiri. A mì í, a fà á tu, a yí i sójú ọ̀nà. Màmá jókòó, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná ń bọ̀, ó kí wa láti òkèèrè, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá dúró dè é títí ó fi dé iwájú wa, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì dá a lóhùn.